Bí A Ṣe Ń Yan Àdírẹ́sì Tí Kọ̀ǹpútà Linux Yóò Fi Kan Sẹ́fà NFS

Kọ̀ǹpútà kan wà tí mò ń bójú tó, tí àdírẹ́sì méjì wà lórí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kan ṣoṣo. Èkíní, 10.20.30.21, ni gbogbo iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń gbà jáde, èkejì, 10.20.30.22, ni a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ tí ó máa ń ṣe lóru. Ẹni tí ó ń tọ́jú sẹ́fà NFS wa (ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń lo fódà rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì; àdírẹ́sì rẹ̀ ni 10.20.30.10) ti kọ ọ́ sínú /etc/exports, fáìlì àṣẹ sẹ́fà náà, pé kí 21 máa ka fáìlì nìkan, kí 22 máa kà á kí ó sì tún lè kọ nǹkan sí i. Mo fi àṣẹ mount so fódà sẹ́fà náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi, kò sí àròyé kankan, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo rí i pé iṣẹ́ òru ti dúró gbagidi, ọ̀rọ̀ tí ó kọ sílẹ̀ sì ni Read-only file system. A tún ìwé àṣẹ tó wà lórí sẹ́fà kà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìgbà tí mo wo ìsopọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé 21 ni kọ̀ǹpútà mi fi lọ kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe 22.

Àpẹẹrẹ yìí ni n óò lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Linux ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì nílò agbára root (alákòóso àgbà) lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń gba fáìlì, èyí tí n óò máa pè ní oníbàárà. Ẹ má ṣe dán an wò lákọ̀ọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé àkókò kan wà tí a óò ní láti tú gbogbo fódà sẹ́fà náà kúrò.

Ta ló ń yan àdírẹ́sì?

Àṣẹ ssh ní -b, curl ní --interface, ping náà ní -I, tí a lè fi sọ pé àdírẹ́sì tàbí káàdì báyìí ni kí wọ́n gbà jáde. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé mount NFS ti Linux kò ní irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ rárá. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ló ń ṣí ìsopọ̀ lọ sí pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ilẹ̀kùn) 2049 lórí sẹ́fà, ohun kan ṣoṣo tí ó sì máa ń yàn fúnra rẹ̀ ni nọ́ńbà pọ́ọ̀tù tirẹ̀, láàárín 665 sí 1023, nítorí pé ọ̀pọ̀ sẹ́fà kì í gba oníbàárà tí pọ́ọ̀tù rẹ̀ bá ti lé ní 1023. Ní ti àdírẹ́sì, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó sì bi ìwé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń lò pé: bí mo bá fẹ́ dé 10.20.30.10, ibo ni n óò gbà, kí sì ni n óò máa jẹ́? Bí ìwé ọ̀nà bá ti dáhùn, ìyẹn náà ni sẹ́fà yóò rí, ìyẹn náà ni yóò sì fi wé orúkọ tó wà nínú /etc/exports.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yan àdírẹ́sì fún NFS, ọ̀nà ni yóò lọ tún ṣe. Fódà tí a so mọ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti clientaddr, àṣàyàn kan nínú àṣẹ mount, níbí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sá lọ bá, èmi náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń tan ni jẹ. Bí ẹ bá kọ clientaddr=10.20.30.22 sínú àṣẹ mount, tí ẹ sì wo /proc/mounts, tí ó ń to àwọn fódà tí a so mọ́, ẹ ó rí i níbẹ̀ gbangba, ọkàn yín yóò sì balẹ̀ lásán. Ohun tí àṣàyàn náà ń ṣe ni pé ó ń sọ fún sẹ́fà NFSv4.0 pé, bí o bá fẹ́ pè mí padà, nọ́ńbà tí o óò pè nìyí. Ó dà bí ẹni tí ó kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sára lẹ́tà: ìyẹn kò sọ ibi tí lẹ́tà fúnra rẹ̀ ti wá. Láti NFSv4.1, tí ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2010, ìpè padà náà ti ń gba orí ìsopọ̀ tí oníbàárà ti ṣí tẹ́lẹ̀, nítorí náà clientaddr kò tilẹ̀ wúlò fún 4.1 àti 4.2 mọ́. Bí ẹ bá ṣì ń lo 4.0, ó dára kí àdírẹ́sì tí ẹ kọ síbẹ̀ bá ti ìsopọ̀ mu, torí pé bí sẹ́fà bá pè tí kò rí ẹnikẹ́ni, fáìlì lè dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ṣí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi kernel léèrè:

ip route get 10.20.30.10

Lórí ẹ̀rọ mi, ìdáhùn rẹ̀ ni:

10.20.30.10 dev eth1 src 10.20.30.21 uid 0

Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé src ni àdírẹ́sì tí ìsopọ̀ tuntun yóò lò. Nítorí pé 21 ni a kọ́kọ́ fi sórí káàdì náà, tí 22 sì jẹ́ àfikún, 21 ni kernel ń mú nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìsopọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀:

ss -tn dst 10.20.30.10

ESTAB 0 0 10.20.30.21:871 10.20.30.10:2049

Ìlà yìí ni ẹ̀rí. Kì í ṣe /proc/mounts, kì í sì ṣe nfsstat -m, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì wúlò fún nǹkan mìíràn. Bí àdírẹ́sì tó wà lápá òsì nínú ss kò bá jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́, iṣẹ́ ṣì kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ọ̀nà tí ó dárúkọ àdírẹ́sì

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà yín ń bá sẹ́fà yẹn ṣe ni ẹ fẹ́ kí ó gba 22, ìlà kan ti tó:

ip route add 10.20.30.10/32 dev eth1 src 10.20.30.22

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, fún sẹ́fà kan ṣoṣo yìí, kí káàdì eth1 jẹ́ ọ̀nà, kí 22 sì jẹ́ orúkọ. Nítorí pé /32 (àdírẹ́sì kan ṣoṣo) mú ju /24 (gbogbo àdúgbò) lọ, òun ni kernel yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé, àwọn ẹ̀rọ yòókù tó wà ní àdúgbò kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àdírẹ́sì tí ẹ kọ sí src gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kernel yóò kọ̀ ọ́. Bí sẹ́fà bá wà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ẹ fi ẹnu ọ̀nà kún un:

ip route add 10.20.40.10/32 via 10.20.30.1 dev eth1 src 10.20.30.22

Ẹ tún béèrè pẹ̀lú ip route get. Bí src bá ti di 22, ẹ lè tẹ̀síwájú.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa pàápàá. Wọ́n á kọ ip rule add from 10.20.30.22 table 100, wọ́n á kó ọ̀nà sínú tábìlì 100, wọ́n á wá máa retí kí NFS gba ibẹ̀. Kò ní gbà á. Òfin yẹn ń sọ pé, bí packet (ègé ìsọfúnni tí à ń fi ránṣẹ́) kan bá ti ń jẹ́ 22 tẹ́lẹ̀, tábìlì báyìí ni kí ó lọ wò. Ṣùgbọ́n NFS kò tíì ní àdírẹ́sì kankan lọ́wọ́ nígbà tí ó ń béèrè ọ̀nà, nítorí náà òfin náà kò lè mú un. Òfin from máa ń wúlò bí káàdì méjì bá wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kí ìdáhùn lè padà síbi tí ìbéèrè ti wá. Kò lè yan àdírẹ́sì fún ẹni tí kò tíì yan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ tún un so

Ìsopọ̀ tí ó ti ṣí kò ní yí àdírẹ́sì padà nítorí pé ọ̀nà yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni mount -o remount kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí pé kì í ti ìsopọ̀ àtijọ́. Ohun mìíràn tí ó tún ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ni pé Linux máa ń pín ìsopọ̀ kan láàárín gbogbo fódà tí ẹ so mọ́ láti ara sẹ́fà kan náà. Bí fódà mẹ́ta bá wà, tí ẹ tú méjì, èyí tó kù yóò ṣì di ìsopọ̀ àtijọ́ mú, àwọn méjì tí ẹ tún so yóò sì gun orí rẹ̀ bí ẹni wọ ọkọ̀ tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo wọn:

findmnt -t nfs,nfs4

Ẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú umount. Bí ọ̀kan bá ní ọwọ́ òun dí, fuser -vm /mnt/iwe (ibi tí mo so fódà kíkà mọ́) yóò sọ ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú iṣẹ́ kan tí ẹ ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ sì gbàgbé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi umount -l gbé e kúrò lójú. Fódà náà yóò pòórá lóòótọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí fáìlì kan bá ṣì ṣí, ìsopọ̀ àtijọ́ wà láàyè lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé 21 kò lọ.

Lẹ́yìn èyí:

mount -t nfs4 -o vers=4.2 10.20.30.10:/data/ipamo /mnt/ipamo

Kí ẹ sì padà sí ss. Ní báyìí, ìlà tèmi di:

ESTAB 0 0 10.20.30.22:902 10.20.30.10:2049

Bí ó bá jẹ́ NFSv3 ni ẹ ń lò, ọ̀nà kan náà yóò gbé gbogbo àwọn ìsopọ̀ yòókù tí 3 máa ń lò, ìyẹn ti rpcbind (tí ń sọ pọ́ọ̀tù tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà) lórí pọ́ọ̀tù 111, ti mountd (tí ń gba ìbéèrè ìsomọ́), àti ti títi fáìlì, nítorí pé sẹ́fà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ bá. Ohun tó kù ni ìkìlọ̀ tí oníbàárà máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ tí ó sì padà dé, kí sẹ́fà lè tú àwọn fáìlì tí ó tì sílẹ̀. Sm-notify ló ń ṣe ìyẹn, ó sì ní -v tí a lè fi dárúkọ àdírẹ́sì fún un. Bí ẹ bá lè lo 4.1 sókè, ẹ lò ó, kí ẹ má bàa ní gbogbo èyí láti rántí.

Kí ọ̀nà náà lè wà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tún bẹ̀rẹ̀

Àṣẹ ip route kì í kọjá ìgbà tí ẹ pa ẹ̀rọ. Lórí ẹ̀rọ tí NetworkManager ń darí, ẹ fi ọ̀nà náà sínú ètò káàdì náà, kí ẹ rántí pé orúkọ ètò lè yàtọ̀ sí orúkọ káàdì:

nmcli connection modify eth1 +ipv4.routes "10.20.30.10/32 src=10.20.30.22"
nmcli connection up eth1

Bí ó bá jẹ́ systemd-networkd, ẹ fi èyí kún fáìlì .network ti káàdì náà:

[Route]
Destination=10.20.30.10/32
PreferredSource=10.20.30.22
Scope=link

Nínú /etc/fstab, fáìlì tí ó ń to àwọn fódà tí ẹ̀rọ yóò so mọ́ bí ó bá ń dìde, ẹ má gbàgbé _netdev, kí ẹ̀rọ má bàa gbìyànjú láti so fódà mọ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dìde. Bí ìsomọ́ bá ṣíwájú ọ̀nà, 21 ni yóò mú, yóò sì dì í mú títí di ìgbà tí ẹnì kan bá tú u.

Bí káàdì bá jẹ́ méjì ní àdúgbò kan náà

Àwọn kan ní káàdì méjì, eth1 àti eth2, tí àdírẹ́sì méjèèjì sì wà nínú 10.20.30.0/24. Ọ̀nà tí a kọ lókè, bí a bá fi eth2 àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, yóò mú kí packet jáde láti eth2 pẹ̀lú àdírẹ́sì eth2, ṣùgbọ́n ìdáhùn lè gba eth1 wọlé, nítorí pé Linux máa ń jẹ́ kí káàdì kan dáhùn fún àdírẹ́sì tó wà lórí káàdì kejì nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá ń béèrè pé ta ni ó ni 22. Bí rp_filter, àyẹ̀wò tí kernel fi ń mọ̀ bóyá packet gba káàdì tó yẹ wọlé, bá wà ní 1, kernel lè ju ìdáhùn náà nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mount yóò sì kàn máa dúró. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi net.ipv4.conf.all.arp_ignore sí 1, kí n fi arp_announce sí 2, kí n sì fi rp_filter sí 2. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé káàdì kejì lọ sí àdúgbò tirẹ̀. Ìyẹn sàn ju gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ àdírẹ́sì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà

Ibí ni ọ̀rọ̀ tèmi ti le. Lẹ́yìn tí mo kọ ọ̀nà sí 22, iṣẹ́ òru ṣe dáadáa, àmọ́ fódà tí gbogbo ènìyàn ń kà lójúmọ́ náà ti di èyí tí a lè kọ nǹkan sí, nítorí pé gbogbo ohun tó ń lọ sí 10.20.30.10 ti ń jẹ́ 22. Ohun tí ẹni tí ó ń tọ́jú sẹ́fà ń sá fún gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ kí 21 wà fún kíkà, kí 22 wà fún ìpamọ́, lórí ẹ̀rọ kan, sí sẹ́fà kan. Ọ̀nà kò lè ṣe é, nítorí pé ibi tí a ń lọ kan ṣoṣo ni ó mọ̀, àṣàyàn nosharecache ti mount náà kò sì ràn mí lọ́wọ́, torí pé ohun tí a ti kà pamọ́ ni ó ń yà sọ́tọ̀, kì í ya ìsopọ̀.

Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí sẹ́fà ní àdírẹ́sì kejì, 10.20.30.11, kí n wá kọ ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún un. Fún NFSv3, ó ń ṣiṣẹ́. Fún NFSv4.1 sókè, oníbàárà gbọ́n jù: nígbà tí ó bá kí sẹ́fà ní àdírẹ́sì kejì, sẹ́fà á dá ara rẹ̀ mọ̀, oníbàárà á wá sọ pé àwa ti mọra tẹ́lẹ̀, yóò sì padà sórí ìsopọ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni network namespace. Ẹ rò ó bí yàrá kan nínú ilé tí ó ní ilẹ̀kùn ìta tirẹ̀: ó ní káàdì tirẹ̀, àdírẹ́sì tirẹ̀, ìwé ọ̀nà tirẹ̀, NFS kì í sì pín ìsopọ̀ láti yàrá kan sí òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ pa ọ̀nà tí a kọ ní ìgbésẹ̀ kejì rẹ́, kí ẹ sì mú 22 kúrò lórí eth1, torí pé inú yàrá ni yóò máa gbé:

ip route del 10.20.30.10/32 dev eth1
ip addr del 10.20.30.22/24 dev eth1
modprobe nfs
ip netns add ipamo
ip link add afara0 link eth1 type macvlan mode bridge
ip link set afara0 netns ipamo
ip -n ipamo link set lo up
ip -n ipamo addr add 10.20.30.22/24 dev afara0
ip -n ipamo link set afara0 up
ip netns exec ipamo ping -c 3 10.20.30.10

Bí ping kò bá kọjá, tí ẹ̀rọ yín sì jẹ́ ẹ̀rọ àfarawé tí ó ń gbé inú ẹ̀rọ mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ tí ó gbà á lálejò má fẹ́ rí àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì) tuntun tí macvlan, ìyẹn káàdì àfarawé afara0, mú wá. Ẹ sọ fún ẹni tí ó ń darí rẹ̀, tàbí kí ẹ fún yàrá náà ní káàdì kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá.

Kí ẹ tó so fódà mọ́, nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Oníbàárà NFSv4 máa ń sọ orúkọ rẹ̀ fún sẹ́fà, inú orúkọ kọ̀ǹpútà ni ó sì ti ń mú un. Yàrá tuntun yìí àti ilé tí ó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà sẹ́fà lè rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni, pé ó kú ni, ó sì jí padà. Ìṣe rẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá jí padà ni pé kí ó tú gbogbo fáìlì tí ó tì sílẹ̀, kí ó sì gbàgbé gbogbo èyí tí ó ṣí. Ẹ ó wá rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń lé ara wọn jáde, láìsí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kan tí ó yé ènìyàn. Ẹ fún yàrá náà ní orúkọ tirẹ̀:

ip netns exec ipamo sh -c 'echo ero-ipamo-22 > /sys/fs/nfs/net/nfs_client/identifier'

Orúkọ náà gbọ́dọ̀ wà bákan náà nígbà gbogbo, kò sì gbọdọ̀ sí ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń jẹ́ ẹ lọ́dọ̀ sẹ́fà yẹn.

Ìgbà yìí ni ẹ tó lè so fódà mọ́, ẹ sì kíyè sí irinṣẹ́ tí mo lò:

nsenter --net=/run/netns/ipamo mount -t nfs4 -o vers=4.2 10.20.30.10:/data/ipamo /mnt/ipamo

Mo ti fi ip netns exec ṣe é rí. Mount parí láìsí àròyé, mo ṣí /mnt/ipamo, mo bá a lófìfo. Ìdí rẹ̀ ni pé ip netns exec kì í ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan sọ́tọ̀. Ó tún máa ń fún àṣẹ náà ní ojú ọ̀tọ̀ tí yóò fi máa wo àwọn fódà tí a so mọ́, nítorí náà ohun tí a so nínú rẹ̀ kì í hàn sí àwọn tó wà níta. Ojú ọ̀tọ̀ yẹn náà ló jẹ́ kí ó lè rí /sys ti inú yàrá nígbà tí a ń kọ orúkọ lẹ́ẹ̀kan. nsenter pẹ̀lú --net nìkan wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yàrá, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà, nípa bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀rọ ni yóò rí /mnt/ipamo, àmọ́ 22 ni kernel yóò máa fi bá sẹ́fà sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀, ẹni yòówù tí ó bá ṣí fáìlì ibẹ̀. Fódà kíkà, ẹ so ó mọ́ níta bí ẹ ti máa ń ṣe. 21 ni yóò gbà.

Èyí túmọ̀ sí pé àṣẹ tí Linux fi sórí fódà náà ni yóò pinnu ẹni tó lè dé ibẹ̀. Mo fi /mnt/ipamo sínú fódà kan tí root nìkan lè wọ̀. Ẹ má sì rò pé àdírẹ́sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́: ẹnikẹ́ni tí ó bá ní root lórí ẹ̀rọ kan ní àdúgbò yẹn lè sọ ara rẹ̀ di 22 ní ọjọ́ tí tiyín bá wà ní pípa. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá ṣe iyebíye, ẹ lọ ka ti sec=krb5, àṣàyàn ààbò tí kì í gbẹ́kẹ̀ lé àdírẹ́sì.

Yàrá náà kì í dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo kó gbogbo àwọn àṣẹ òkè yìí, yàtọ̀ sí ìlà méjì àkọ́kọ́ tí ó ń pa nǹkan rẹ́, sínú fáìlì kan, mo kọ umount àti ip netns del sínú òmíràn, mo sì fi systemd máa pè wọ́n:

[Unit]
Wants=network-online.target
After=network-online.target

[Service]
Type=oneshot
RemainAfterExit=yes
ExecStart=/usr/local/sbin/ipamo-so
ExecStop=/usr/local/sbin/ipamo-tu

[Install]
WantedBy=multi-user.target

After tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ méjì: bí ẹ̀rọ bá ń dìde, yàrá yóò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ẹ̀rọ bá ń kú, a ó tú fódà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ, èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó síwájú ẹ̀rọ tí ó kọ̀ láti kú. Ẹ má sì gbàgbé láti yọ 22 kúrò nínú ètò eth1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi méjì ni yóò ti máa dìde.

Ọ̀nà àbùjá kan, tí mi ò fẹ́ràn

Ẹ tún lè jẹ́ kí ìsopọ̀ jáde bí ó ti fẹ́, kí iptables, irinṣẹ́ tí ń darí packet, wá pa àdírẹ́sì rẹ̀ dà lẹ́nu ọ̀nà:

iptables -t nat -A POSTROUTING -d 10.20.30.10 -p tcp --dport 2049 -j SNAT --to-source 10.20.30.22

Pọ́ọ̀tù tó wà lábẹ́ 1024 yóò ṣì wà lábẹ́ 1024, nítorí náà sẹ́fà kò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ss yóò máa fi 21 hàn yín nígbà tí sẹ́fà ń rí 22, ẹni tí ó bá sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lọ́la yóò wá a títí. Mo máa ń lò ó bí n kò bá lè fọwọ́ kan ọ̀nà rárá, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ kíákíá.

Àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ sẹ́fà

Ẹ̀rí ìkẹyìn kò sí lọ́dọ̀ oníbàárà. Ẹ bẹ ẹni tí ó ń tọ́jú sẹ́fà, bí ó bá jẹ́ Linux tí kernel rẹ̀ kò pẹ́ jù, kí ó wo:

cat /proc/fs/nfsd/clients/*/info

Ọ̀kọ̀ọ̀kan oníbàárà NFSv4 ní ìwé tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú address àti name. Nígbà tí ó wo tèmi, ìwé méjì ni ó bá fún ẹ̀rọ kan: ọ̀kan ní 10.20.30.21 pẹ̀lú orúkọ kọ̀ǹpútà náà lásán, èkejì ní 10.20.30.22 tí ero-ipamo-22 wà nínú orúkọ rẹ̀. Ká ní ìwé kan ṣoṣo ni ó bá, tàbí méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ìdí identifier ni a ò bá padà sí. Mo dán touch wò nínú /mnt/iwe, ó ní Read-only file system. Mo dán an wò nínú /mnt/ipamo, fáìlì náà wọlé.